Bàbá Gáráàjì Dáhùn: 504 Bàbá Mi Gbá Igi Lọ́nà Kétu

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi. Lẹ́tà pọ̀ lóṣù yìí, àmọ́ ọ̀kan wá láti Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ tí mo kà láàárọ̀ tí mo tún kà lálẹ́, òun ló máa gba ààyè jù, kí àwọn tó kù má bínú, mẹ́ta péré ni mo lè dáhùn.

LẸ́TÀ KÌÍNÍ

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Kétu ni mí, mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa. Bàbá mi tó ti kú fi Peugeot 504 familiale sílẹ̀ fún mi, èyí tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, ó fi kó èrò láti Kétu lọ Pobè, lọ Sakété, títí dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi ò fi kó èrò, Sátidé àti Sọ́ńdè ni mo ń wà á, mo kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni. Oṣù kẹta rèé, mò ń bọ̀ láti Pobè lálẹ́, kàmíọ̀ (ọkọ̀ akẹ́rù) kan dúró sójú ọ̀nà láìtan iná, mo yà fún un, mo wọ inú igbó, mo gbá igi tíìkì. Èmi nìkan ni mo wà nínú ẹ̀, Ọlọ́run ṣeun. Mi ò de bẹ́líìtì torí ó ti já tipẹ́, àyà mi gbá fọ́láǹ tí wọ́n fi ń yí mọ́tò, orí mi gbá gíláàsì iwájú. Ọsibítù ní egungun ìhà kan ló sán, ìyẹn ti jinná. Àmọ́ ọrùn ṣì ń dùn mí láràárọ̀, bí mo bá sì jókòó sẹ́yìn zem (ọ̀kadà) tí iná kàmíọ̀ bá yọ níwájú, gbogbo ara mi á máa gbọ̀n, mi ò tíì di fọ́láǹ mú látọjọ́ náà. Mọ́tò wà lẹ́yìnkùlé, iwájú ẹ̀ ti wó, ẹ́ńjìnnì ti sún sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin ní kílò. Tólíẹ̀ kan, ẹni tó ń lu bádí mọ́tò, wá wò ó, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, òun á lù ú á dà bíi tuntun. Màmá mi ní mọ́tò yẹn ni bàbá mi, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tà á. Kí ni kí n ṣe?
Ọmọ Dẹ́rẹ́bà, Kétu

ÈSÌ

Ọmọ mi, o kú ewu. Mo kíyè sí nǹkan kan nínú lẹ́tà ẹ: mọ́tò ni gbogbo wọn ń sọ. Ẹ̀gbọ́n ẹ fẹ́ tà á, tólíẹ̀ fẹ́ lù ú, màmá ẹ fẹ́ gbá a mọ́ra, kò sẹ́ni tó bi ẹ́ pé ọrùn ẹ ńkọ́. Èmi á bi ẹ́. Ọrùn ẹ ńkọ́?

Bí mọ́tò bá gbá nǹkan tó sì dúró lójijì, àyà á dúró síbi bẹ́líìtì tàbí síbi fọ́láǹ, àmọ́ orí ò tíì gbọ́ pé ìrìn ti parí, á ṣì máa lọ síwájú, á wá ta padà sẹ́yìn, ọrùn ló máa jẹ gbogbo ìyà yẹn. Ó lè má dùn lọ́jọ́ náà gan-an, kó wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ti ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tìẹ ti pé oṣù mẹ́ta. Padà sọ́dọ̀ dọ́kítà, kí wọ́n ya fọ́tò inú ọrùn náà (ẹ́ẹ́síréè), kó o sì sọ fún wọn bí ọwọ́ ẹ bá ń kú tàbí tó bá ń ṣe ẹ́ bíi pé èèrà ń rìn níka ọwọ́. Mo mọ̀ pé a ní àwọn tó ń to egungun lágbègbè wa, mi ò bú wọn, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di orí ẹ mú kó fọ́n ọn lọ́tùn-ún lósì. Ọrùn kì í ṣe ẹsẹ̀ o. Ohun tó wà nínú ọrùn, bó bá já, kò sí tólíẹ̀ tó lè lù ú padà.

Ti gbígbọ̀n yẹn ńkọ́? Ẹ má pe ọmọ yìí ní ojo. Èmi tí mò ń kọ èyí ti fi Peugeot 404 bàṣé (píkọ́ọ̀pù) sùn sínú gọ́tà rí lọ́nà Sakété, kò sóhun tó ṣe mí ju ojú orúnkún tó bó, àmọ́ fún oṣù márùn-ún, bí a bá ti ń dé ibẹ̀, màá ní ojú ń ro mí, kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi bá mi wà á. Ojú kankan ò ro mí, irọ́ ni. Mo ń purọ́ fún ọmọ ọdún méjìdínlógún torí ìtìjú. Ara ló ń rántí, ara ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí, ó rí iná, ó rò pé igi ló tún kàn. Tó bá ti lé lóṣù kan tí gbígbọ̀n ò lọ, tàbí tí èèyàn ń lá àlá ẹ̀, tí kò lè sùn, sísọ ni kó o sọ fún dọ́kítà, àìsàn tó ní ìtọ́jú ni, ọ̀rọ̀ sísọ sì pọ̀ nínú ìtọ́jú náà ju oògùn lọ.

Ohun tó tú mi sílẹ̀ nìyí, ó sì jọ èyí tí àwọn dọ́kítà náà máa ń ní kéèyàn ṣe: díẹ̀díẹ̀. Má lọ gba mọ́tò ẹnìkan kó o wà á lọ Pobè lálẹ́ láti fi hàn pé ọkùnrin ni ẹ́. Lọ jókòó sínú 504 yẹn lẹ́yìnkùlé bó ṣe wó yẹn, láàárọ̀, tan rédíò fóònù ẹ, jẹ ẹ̀bà ẹ níbẹ̀ pàápàá, títí àyà ẹ á fi rọlẹ̀. Tí ìyẹn bá ti di nǹkan yẹpẹrẹ, jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà tó o fọkàn tán, lọ́sàn-án, ìrìn kékeré. Lẹ́yìn náà kí ìwọ di fọ́láǹ mú láàárín ìlú. Alẹ́ àti ojú ọ̀nà tí kàmíọ̀ wà ló kẹ́yìn pátápátá. Bí àyà ẹ bá já níbì kan, dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, má sá padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀la ọjọ́ ń bẹ.

Ó dáa, mọ́tò wá kù.

Tólíẹ̀ tó ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, fún un lómi mu, kó máa lọ. Kì í ṣe pé èèyàn búburú ni. Ó wo bádí, kò wo egungun. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á láti Nàìjíríà, tólíẹ̀ ni ẹni tẹ́ ẹ̀ ń pè ní pánẹ́ẹ̀lì-bítà.) Ẹ wò ó, kàmíọ̀ ní sáṣí lábẹ́, igi irin méjì gbọọrọ tí wọ́n gbé gbogbo ilé lé lórí. 504 ò ní ìyẹn. Bádí ẹ̀ gan-an ni egungun ẹ̀, ilẹ̀ ẹ̀, òpó ilẹ̀kùn ẹ̀, òrùlé ẹ̀, gbogbo wọn di ara wọn mú. O ní ẹ́ńjìnnì sún sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì ò lè dá sún. Ó ní irin méjì tó gùn lọ síwájú lábẹ́ kàpó (bọ́nẹ́ẹ̀tì), àwọn ló gbé e, bó bá sún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn irin yẹn ti ká. Ibi tí sípíríìnì iwájú ti dúró náà wà níbẹ̀: sípíríìnì àti amọ́tísọ̀ (ṣọ́ọ̀kù) para pọ̀ di òpó kan, orí òpó yẹn sì wọ inú irin tó wà lábẹ́ kàpó. Bí irin yẹn bá yà ní ìka méjì péré, táyà á máa wo ìhín nígbà tí ọwọ́ ẹ ń wo ọ̀hún. Tólíẹ̀ á lù ú, á fi mástíìkì, pọ́tì tí wọ́n fi ń dí bádí, rẹ́ ẹ, á kùn ún, á máa dán gbinrin, ìwọ á wá máa bá fọ́láǹ jìjàkadì títí dé Àjàṣẹ́.

Nítorí náà kí òòlù kankan tó kan irin, ìwọ̀n. Mo tún sọ ọ́, ìwọ̀n. Wá ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú, gbé mọ́tò náà sórí irin mẹ́rin tó ga dọ́gba. Mú òwú, so nọ́ọ̀tì wúwo mọ́ ìdí ẹ̀ bíi ti bíríkìlà, jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀ láti ojú kan náà lọ́tùn-ún àti lósì, níwájú àti lẹ́yìn, ojú tó jọra ni kó o mú, ihò bóòtù kan tó wà lọ́tùn-ún kí ìkejì ẹ̀ wà lósì. Ibi tí nọ́ọ̀tì bá ti fẹ́ kan ilẹ̀, fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Gbé mọ́tò kúrò. Àmì mẹ́rin á kù nílẹ̀, wọ̀n wọ́n ní ìdábùú, láti iwájú ọ̀tún dé ẹ̀yìn òsì, láti iwájú òsì dé ẹ̀yìn ọ̀tún. Bí mọ́tò bá gún, méjèèjì á dọ́gba, mìlímítà mélòó kan kò sọ pé ó burú. Bí ọ̀kan bá fi sẹ̀ǹtímítà méjì ju ìkejì lọ, ẹ̀rí ti dé. Wọ̀n àárín táyà iwájú sí táyà ẹ̀yìn náà, lápá méjèèjì, kó o ti kọ́kọ́ tọ́ fọ́láǹ: 504 familiale jẹ́ mítà 2.90, ti bẹ̀rílínì (504 onílà ìjókòó méjì) jẹ́ 2.74, familiale ló gùn jù. Mo máa ń bínú gan-an tí mo bá rí gáráàjì tí wọ́n ti lu mọ́tò fún oṣù kan tí kò sẹ́ni tó mú òwú lọ́wọ́. Òwú ò wọ́n rárá!

Àti pé ṣí ilẹ̀kùn iwájú, tì í padà. Ó ń wọlé dáadáa àbí ó ń ha lókè? Wo òrùlé lókè òpó ilẹ̀kùn lójú oòrùn, bóyá ó ti ká bí aṣọ tí wọn ò lọ̀. Tí òrùlé bá ti ká, tí ìdábùú sì fi púpọ̀ yàtọ̀, ọmọ mi, má tan ara ẹ, bádí mìíràn ni kó o wá, kó o kó ẹ́ńjìnnì bàbá ẹ, ìjókòó bàbá ẹ, fọ́láǹ bàbá ẹ sínú ẹ̀. Màmá ẹ á gbà, ìjókòó yẹn ni bàbá ẹ jókòó lé, kì í ṣe ẹ́ẹ̀lì iwájú, irin tó bo táyà.

Tí kò bá burú tó yẹn, fífà ni, kì í ṣe lílù. Wọ́n á de ẹ̀yìn mọ́tò mọ́lẹ̀, wọ́n á fi ṣéènì fa iwájú padà sí ìhà ibi tí igi ti tì í wá, díẹ̀, wọ̀n ọ́n, díẹ̀, wọ̀n ọ́n. Gáráàjì ńlá míì ní ibùsùn irin tí wọ́n ń pè ní marbre fún iṣẹ́ yìí, bó o bá rí èyí tówó ẹ tó, ó dáa jù. Kí wọ́n má fi iná sun irin tó gbé ẹ́ńjìnnì títí á fi pọ́n kí wọ́n lè tètè tẹ̀ ẹ́, irin tí wọ́n bá sun bẹ́ẹ̀ kì í lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá ti ya tàbí tó ti ká wúruwùru, kí wọ́n gé e kúrò kí wọ́n súdé (fi iná jó) tuntun mọ́ ọn. Bátìrì kúrò kí wọ́n tó súdé. Táńkì bẹntiróòlù kúrò pátápátá, kí wọ́n gbé e jìnnà, pàápàá tó bá jẹ́ kpayo (bẹntiróòlù inú ìgò ẹ̀bá ọ̀nà) lo máa ń rà sínú ẹ̀, ẹ má sì sọ pé "ó ti gbẹ, kò sí nǹkan nínú ẹ̀", táńkì tó gbẹ tí òórùn ẹ̀ kù ló ń bú jù.

Má tíì fi kọ́kọ́rọ́ tan ẹ́ńjìnnì. Fi ọwọ́ yí i látiwájú ná, wò ó bóyá fáàǹ ti wọ inú ráádíatọ̀, wo rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, wọ́n máa ń ya. Bí mẹkanisẹ́ẹ̀ bá ní òun fẹ́ ṣí orí ẹ́ńjìnnì torí joint de culasse, ìyẹn gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ orí ẹ́ńjìnnì, sọ fún un pé sìlíńdà inú 504 kì í ṣe ara búlọ́ọ̀kù, omi yí i ká, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Tó bá ti ṣí orí, kó fi bóòtù àti wọ́ṣà di àwọn sìlíńdà yẹn mọ́lẹ̀ kó tó yí ohunkóhun, bí wọ́n bá gbéra díẹ̀ báyìí, ohun tó dí ìsàlẹ̀ wọn á já, omi á wọ òróró ẹ́ńjìnnì, ẹ̀ẹ̀kan náà lo máa mọ̀, lẹ́yìn tó ti kó gbogbo ẹ̀ padà. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gá tó mọ Toyota délé.

Ọ̀pá tó ń yí táyà iwájú, tó bá ti tẹ̀, pààrọ̀ ni, wọn kì í tọ́ ọ. Páìpù fìrẹ́ẹ̀ (bíréèkì) iwájú, pààrọ̀. Bẹ́líìtì, ìwọ lo ti sọ ọ́ fúnra ẹ, wá tuntun, kódà kó má já tẹ́lẹ̀, bẹ́líìtì tó bá ti gba èèyàn dúró nínú ìjàǹbá ti nà, kì í gba ẹlòmíì. Kí wọ́n wo ihò tí wọ́n ń so ó mọ́ náà, ìpẹtà máa ń jẹ ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i.

Ti pọ́ọ̀tì, ìyẹn ẹ̀yà ara mọ́tò, oríire ló jẹ́ fún ẹ pé 504 ni. 1968 ló jáde, 1969 wọ́n ní òun ni mọ́tò ọdún náà ní Yúróòpù, àmọ́ èyí tó kàn wá ni pé láti 1975 ni wọ́n ti ń tò ó ní Kàdúná, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí Faransé ti pa á tì ni Nàìjíríà ṣì ń tò ó. Nítorí náà ẹ̀yìn ibodè ni pọ́ọ̀tì ẹ wà. Ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó ni kó o kọ́kọ́ lọ, kó o tó lọ sí Kútọnù lọ máa wá ohun tí kò sí. Gbé èyí tó bàjẹ́ dání, gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún ẹ, fi ọwọ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Ṣọ́ra fún ẹ̀yìn: ẹ̀yìn familiale àti ti ọ̀pọ̀ bẹ̀rílínì ò jọra rárá, ti ọ̀pọ̀ bẹ̀rílínì, táyà kọ̀ọ̀kan ń dá mì ni, tìẹ, ọ̀pá kan ló so méjèèjì pọ̀. Tí wọ́n bá ta ẹ́ẹ̀lì àlòkù fún ẹ, mú mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi aṣọ wé, rìn ín lórí ẹ̀, ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì bá ti ń já bọ́, mástíìkì ló wà níbẹ̀, kì í ṣe irin.

Èyí á pẹ́ o. Oṣù ni, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Ó sì bá ọ̀rọ̀ ẹ mu, torí ìwọ náà ò tíì ṣe tán láti wà á. Máa lọ jókòó sí gáráàjì lọ́jọ́ Sátidé, kí ìwọ fúnra ẹ di òwú mú, kó o rí ibi tí irin ti tẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti fà á padà. Nígbà tí mo di ẹni tó mọ gbogbo bóòtù inú 404 mi ni ẹ̀rù yẹn tó kúrò lójú mi, mi ò purọ́ fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yẹn mọ́.

Ọ̀rọ̀ asiráàǹsì ti kọjá ní tìẹ, àmọ́ mo ń sọ fún àwọn tó kù: òfin CIMA, òfin asiráàǹsì tí Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà míì jọ wà lábẹ́ ẹ̀, ní ilé asiráàǹsì ò gbọ́dọ̀ fún ẹ ní ọjọ́ tó kéré sí márùn-ún tí iṣẹ́ ń ṣí láti fi lọ sọ fún wọn, ìwọ náà má wá jẹ́ kó kọjá ohun tí ìwé ẹ wí. Èyí tó jẹ́ dandan lórí gbogbo mọ́tò, ẹni tó o bá kọlù ló wà fún, igi tíìkì tó o gbá àti iwájú 504 ẹ kò sí nínú ẹ̀ àfi tó o bá ra jù bẹ́ẹ̀ lọ.

LẸ́TÀ KEJÌ

Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ọkọ mi fi Volkswagen sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ìjàpá. Ọmọ mi fi iwájú ẹ̀ sọ ògiri díẹ̀, wọ́n ti nà án padà, ó dáa lójú, àmọ́ látìgbà náà òórùn bẹntiróòlù ń wọ inú ẹ̀. Mẹkanisẹ́ẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì ni, ó ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Òórùn ò lọ.
Ìyá Tíṣà, Ṣábẹ̀ẹ́

ÈSÌ

Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má wà á mọ́ kẹ́ ẹ tó kà á tán. Ẹ́ńjìnnì ìjàpá wà lẹ́yìn, ẹ ti mọ̀ yẹn, àmọ́ táńkì ẹ̀ wà níwájú, lábẹ́ ibi tẹ́ ẹ̀ ń kó ẹrù sí, ní ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó níwájú gan-an. Ibi tí ọmọ yín fi sọ ògiri nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n gbé táńkì náà jáde, kí wọ́n wo gbogbo ojú tí wọ́n ti súdé ẹ̀, kí wọ́n sì pààrọ̀ rọ́bà tó ti inú ẹ̀ jáde, èyí tó wà lókè tí wọ́n ń gba bẹntiróòlù wọlé àti èyí tó wà nísàlẹ̀, gbogbo wọn. Rọ́bà ọgbọ̀n ọdún máa ń ya bí ewé gbígbẹ, kò nílò ògiri pàápàá.

Fún ìyókù, ọkàn yín balẹ̀. Ìjàpá ò dà bíi 504 tí mo ń sọ lókè, ó ní ilẹ̀ irin tirẹ̀ lábẹ́ tí wọ́n fi bóòtù so bádí mọ́, ẹ́ẹ̀lì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà bóòtù ni, ẹ tú u, ẹ fi òmíràn sí i, kò sí ìsúdé kankan. Wọ́n ṣe é títí di 2003 ní Mẹ́síkò, ó ju mílíọ̀nù 21 lọ, pọ́ọ̀tì ò ní wọ́n yín. Mẹkanisẹ́ẹ̀ tó tún ẹ́ńjìnnì ṣe lẹ́ẹ̀mejì fún òórùn tó ń ti iwájú wá yẹn, ẹ má san owó ẹlẹ́ẹ̀kejì fún un.

LẸ́TÀ KẸTA

Bàbá, wọ́n ti tún mọ́tò mi ṣe tán lẹ́yìn ìjàǹbá, Peugeot 404 ni. Ọ̀gá gáráàjì ní kí n ra ajá wá fún Ògún kó tó jáde, èmi sì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé kí n rà á?
Ará Àjàṣẹ́

ÈSÌ

Ọ̀rọ̀ ìwọ àti Ọlọ́run ẹ nìyẹn, mi ò ní dá sí i. Àwọn tó ń bọ Ògún ní agbègbè mi ń bọ ọ́, àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ń lọ, ọ̀pọ̀ ń ṣe méjèèjì tí wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ bóyá ajá wá tàbí kò wá, gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá yẹn ná. Lọ sí pápá tí kò sí èèyàn, wà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tẹ fìrẹ́ẹ̀ wò, bóyá ó ń fà ẹ́ lọ sápá kan. Fìrẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ 404 àtijọ́ jẹ́ dúrọ́ọ̀mù lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí wọn ò bá tò ó dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ kan á dì mú ṣáájú èkejì, wàá bá ara ẹ nínú gọ́tà bíi tèmi. Tó bá ń fà, dá a padà fún ọ̀gá náà kó tún un tò, kó o sì ní kí òun fúnra ẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ nígbà tẹ́ ẹ bá tún ń dán an wò.